Ara ọmọ gbóná lálẹ́ Fúráìdé, a ò lè dé ibi ìsọmọlórúkọ

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. London la ń gbé. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Manchester bí ọmọkùnrin, àná Sátidé ni ìsọmọlórúkọ. Ìyá ọkọ mi ti wá láti Ìbàdàn láti bá wọn wẹ ọmọ. Èmi ni ìyàwó àgbà, èmi ni wọ́n gbé ẹran díndín àti mọ́ínmọ́ín lé lọ́wọ́. Kúlà méjì ti wà nínú búùtù mọ́tò lálẹ́ Fúráìdé nígbà tí Àṣàkẹ́, ọmọ wa ọmọ ọdún 6, ní orí ń fọ́ òun. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ń jó bí iná. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, 39.6 ni. Ó ń gbọ̀n, ó sì bì lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe 111, nọ́ńbà tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn lórí àìsàn níbí, wọ́n ní ó jọ àìsàn tó ń jà láàárín àwọn ọmọdé lásìkò yìí, kí n fún un ní Calpol (parasítámọ́ọ̀lù olómi ti ọmọdé), kí n máa ṣọ́ ọ.

Mo ní a ò lọ mọ́. Ọkọ mi fẹ́ dá lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró tì mí. Nígbà tí a pe Màmá, wọ́n ní, "Ṣé torí ibà lásán ni? Ẹ fún un lóògùn, kí ẹ máa bọ̀ jàre." Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Sátidé, ara Àṣàkẹ́ ti balẹ̀, ó ń wo kátúùnù, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó wá dà bíi pé irọ́ ni mo pa. Láti àárọ̀ yìí ni Màmá ò ti gbé fóònù mi. Ọkọ mi náà kàn ń dákẹ́ ni. Ṣé mo ṣe àṣejù ni? Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀ wọ́n?

Ara rẹ̀ tún ti ń gbóná díẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Mo rò pé àárẹ̀ ìrìn àjò ni, torí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ lọ tí a dé láti Nàìjíríà. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú èèyàn tí wọ́n fún wa, ọjọ́ tí a délé ló ti kọ̀ ọ́, mo sì fi í sílẹ̀. Ó ku díẹ̀ nínú oògùn ibà tí mo rà ní Ìbàdàn, mo ń rò ó bóyá kí n fún un.

Ìdáhùn

Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ sí A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, lálẹ́ òní. Tí ẹ bá ti jókòó síbẹ̀, kí ẹ wá ka ìyókù.

Ohun tó ṣe kókó jù nínú ọ̀rọ̀ yín, ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ fi sí. Ọmọ tó dé láti Nàìjíríà ní ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀, tí ara rẹ̀ gbóná, tó balẹ̀, tó tún gbóná: malaria la máa kọ́kọ́ fura sí, títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á fi sọ pé kì í ṣe òun. Ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Calpol máa ń mú kí ara tutù, kì í pa kòkòrò ibà. Ẹ sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dá yín lóhùn níbẹ̀, kó tó bi yín: "Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, mo fẹ́ kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún malaria lónìí." Tí èyí àkọ́kọ́ ò bá fi nǹkan kan hàn, ẹ má tíì simi, wọ́n lè tún un yẹ̀ wò títí di ìgbà mẹ́ta.

Oògùn Ìbàdàn yẹn, ẹ má fún un rárá. Ìlò àbọ̀ lè mú kí àyẹ̀wò má rí kòkòrò náà, kó má sì wò ó sàn. Èyí tó kọ̀ láti máa lò ńkọ́? Tó bá jẹ́ Malarone, ọjọ́ 7 ló yẹ kí a ṣì máa lò ó lẹ́yìn tí a bá kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wa ló ń dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ má dúró de mọ́tò ọkọ yín, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè, tí gìrì bá mú un, tó bá ń sùn tí kò ṣeé jí, tí mímí rẹ̀ bá ń yára jù, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ bá funfun. (Òbí tí ọmọ tirẹ̀ bá jẹ́ SS, ara gbígbóná nìkan ti tó láti dìde, ìbáà jẹ́ pé ọmọ náà ò tíì kúrò ní London rí.)

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí rèé. Ní January 2019, a ti Abẹ́òkúta dé láti lọ ṣe Kérésìmesì. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ara rẹ̀ gbóná, dókítà tó kọ́kọ́ rí i ní òtútù ni. Kò bi mí bóyá a rìnrìn àjò, èmi náà ò sì sọ. Ní Sátidé, ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi wà ní Birmingham, aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀. Mo fún un ní Calpol, a gbéra láti Leeds. Abẹ́ tábìlì ló sùn sí nígbà tí ìlù ń dún, mo sì ń jó. Lójú ọ̀nà nígbà tí à ń padà bọ̀ ni gìrì mú un. Alẹ́ 4 la lò nílé ìwòsàn. Ó ti lé lọ́dún 11 báyìí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí ji ara mi nítorí ijó yẹn.

Nítorí náà, rárá, ẹ ò ṣe àṣejù.

Ní ti Màmá, wọn kì í ṣe ìkà. Ní Ìbàdàn, ọmọ tó ń dàgbà á ti ní ibà lọ́pọ̀ ìgbà, ara rẹ̀ á ti máa kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Ìdí nìyẹn tí "ibà lásán" fi wà lẹ́nu wọn. Ara ọmọ tí a bí síbí ò mọ̀ ọ́n rí. Àwa gan-an tí a dàgbà sílé, tí a bá pẹ́ níbí, ara wa á ti gbàgbé. Ọkọ yín ni kó ṣàlàyé èyí fún ìyá rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Nígbà tí ìyá bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó bí, kò ní dà bíi pé ìyàwó ń kọ́ òun lọ́gbọ́n. Kó sì fi kún un pé òun náà fara mọ́ ọn pé kí ẹ má lọ, torí dídákẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀yin nìkan lẹ kọ̀.

Ẹ tún fi owó orúkọ tí ẹ fẹ́ sọ ọmọ tuntun náà ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ yín, kí ẹ sọ orúkọ náà lórí fóònù kí Màmá gbọ́ ọ. Tí ara Àṣàkẹ́ bá ti yá dáadáa, ẹ gbé kúlà yín, ẹ lọ lo Sátidé kan pẹ̀lú wọn. Ẹ lọ bá Màmá fọ aṣọ ọmọ, kí ẹ wọlé ìdáná bí ìyàwó ilé. Èyí ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ yín lánàá.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ṣì lè dúró. Ẹ kọ̀wé sí mi níbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.