Èsì: IP, mask àti port lórí projector
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kọ̀ǹpútà yín kò rí projector tí ẹ fi wáyà Ethernet so mọ́ ọn, ẹ sì béèrè ohun tí IP, mask àti port jẹ́. IP ni àdírẹ́sì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, bí àdírẹ́sì ilé. Mask ló ń sọ apá àdírẹ́sì tó gbọ́dọ̀ bára mu kí ẹ̀rọ méjì tó lè gbọ́ra wọn. Tí ó bá jẹ́ 255.255.255.0, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bára mu: 192.168.1.20 àti 192.168.1.50 á gbọ́ra wọn, ṣùgbọ́n 192.168.0.50 kò ní dáhùn, bí iná ojú wáyà tilẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí. Port dà bí nọ́ńbà yàrá nínú ilé náà. PJLink, tí ọ̀pọ̀ projector fi ń gba àṣẹ, wà ní port 4352 (ti TCP, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀). Ẹ pa DHCP (ètò tó ń pín IP fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀) lórí projector, kí ẹ fún un ní IP tí kò ní máa yí padà.