Kí ló dé tí àbúrò mi fi ń tẹ̀lé ẹni tó fi ara rẹ̀ jẹ wòlíì?

Ìbéèrè: Àbúrò mi obìnrin, olùkọ́ ni, ń tẹ̀lé ọkùnrin kan tó ní Ọlọ́run ló fi òun jẹ wòlíì. Ìdajì owó oṣù rẹ̀ ló ń kó fún un, kò sì wálé mọ́. Kí ló fà á, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má rò pé àbúrò yín gọ̀. Obìnrin kan tó wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi sọ pé nígbà tí òun jókòó ti ọmọ òun ní ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ ìjọ kan ló ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín wá láràárọ̀, ẹbí kankan kò sì yọjú. Ó ti di ọmọ wọn kó tó gbọ́ ohun tí wòlíì wọn ń pe ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Jim Jones, oníwàásù kan ní Amẹ́ríkà tó pe ara rẹ̀ ní wòlíì. Ní Indianapolis, nígbà tí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun kì í sábà jọ sìn, ó kó wọn pọ̀ sínú ìjọ rẹ̀, Peoples Temple, ó ń bọ́ aláìní, ó sì ń tọ́jú arúgbó. Òótọ́ ni oore yẹn. Nígbà tó yá, òun àti àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbé ìfun àti ẹ̀dọ̀ adìẹ síta pé jẹjẹrẹ tó jáde lára aláìsàn ni, ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn tó ti jẹun níbẹ̀ ni yóò fẹ́ yẹ ẹ̀dọ̀ náà wò? Àwọn ọmọ ìjọ fi owó sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, títí wọ́n fi dé igbó Guyana, orílẹ̀-èdè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1978, ó lé ní 900 ènìyàn tó kú níbẹ̀ nígbà tí Jones pàṣẹ pé kí wọ́n mu májèlé. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní májèlé.

N kò sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbúrò yín máa já sí. Ẹ rántí ohun tó dé bá a lọ́dún tó wọ ìjọ náà, àti ẹni tó dúró tì í. Ẹ má bú wòlíì náà níwájú rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ti sọ fún un pé ẹbí yóò dojú ìjà kọ ọ́, ìbínú yín ni yóò fi gbà pé òótọ́ ni. Ẹ máa pè é, kí ẹ béèrè iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlera rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé yàrá rẹ̀ ṣì wà nílé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sé e mọ́lé, tàbí tí wọn kò jẹ́ kí ọmọ tó ń ṣàìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ lọ bá ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an.