Mi ò lè kọrin, mi ò lè gbàdúrà sókè: ẹ̀bùn wo ni mo ní?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iṣẹ́ akáǹtì ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ohùn mi kò dára, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń tò mí sí, inú mi kì í sì í dùn bí ọjọ́ ìdánrawò bá kò. Mi ò lè dìde gbàdúrà láàrín èrò. Ẹnu mi á máa gbọ̀n. Tí pásítọ̀ bá ń wàásù pé kálukú ló ní ẹ̀bùn tó lè fi tún ayé ẹlòmíì ṣe, ojú máa ń tì mí, torí mi ò rí tèmi. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kí n ṣírò owó kó sì pé. Àwọn ìyá tó ń dá àjọ ládùúgbò pàápàá máa ń gbé ìwé wọn wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé irú ìyẹn náà lè jẹ́ ẹ̀bùn? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n fi akọrin sílẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, irú ìbéèrè yìí kì í sì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó ń béèrè ló máa ń yàtọ̀: lónìí télọ̀, lọ́la nọ́ọ̀sì, lọ́túnla ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kà á sí iṣẹ́ oúnjẹ lásán, wọ́n á wá máa wá ẹ̀bùn kiri níbi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá wà.

Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ, pé àwọn ìyá àjọ ń gbé ìwé wọn wá bá yín. Ta ló rán wọn? Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun ò mọ ẹ̀bùn òun ni pé, kí ni àwọn èèyàn máa ń gbé wá bá ọ láìjẹ́ pé o pè wọ́n? Mi ò kì í béèrè ohun tí èèyàn fẹ́ràn, torí ohun tí a fẹ́ràn lè tàn wá jẹ. Mo mọ àwọn tó fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ, tí kò sì yẹ ká gbé orin fún. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá ọjà tó máa gbé ìwé owó rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kò sì ní gbé e fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń jò. Ohun méjì ni wọ́n ti rí lára yín: orí tó mọ ìṣirò, àti inú tó ń gba ọ̀rọ̀ pamọ́.

Bóyá ó lè jẹ́ ẹ̀bùn Ẹ̀mí, ẹ ṣí Kọ́ríńtì Kìíní orí 12, ẹsẹ 28. Pọ́ọ̀lù ń to àwọn ẹ̀bùn lẹ́sẹẹsẹ: àpọ́sítélì, wòlíì, olùkọ́, iṣẹ́ ìyanu, ìmúláradá. Lẹ́yìn ìyẹn ló dárúkọ ìrànlọ́wọ́ àti ìṣàkóso, kó tó wá kan onírúurú èdè. Kò tọrọ gáfárà kó tó tò wọ́n síbẹ̀. Àwa kì í ṣe ìṣọ́ òru torí ẹ̀bùn ìṣàkóso; bóyá ìdí nìyẹn tí a fi ń gbàgbé pé ó wà nínú Bíbélì. Nínú Ẹ́kísódù orí 31 náà, nígbà tí Ọlọ́run sọ fún Mósè pé òun ti fi Ẹ̀mí òun kún Bésálẹ́lì, iṣẹ́ tí Ẹ̀mí náà fún un ṣe ni iṣẹ́ wúrà, fàdákà àti idẹ, kó mọ òkúta gbẹ́, kó mọ igi fín. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọkùnrin náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì jù ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, nítorí ọ̀rọ̀ tó jọ tiyín gan-an ló wà níbẹ̀. Ìjọ Jerúsálẹ́mù ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń pín nǹkan fún àwọn opó lójoojúmọ́. Ni ìkùnsínú bá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ní wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn dá. Bíbélì kò sọ pé ẹnikẹ́ni jalè. Ẹni tó bá ti bá ìjọ pín ìrẹsì ọdún rí mọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀: ẹni tí a mọ̀ là ń rántí, ẹni tó ń sọ èdè wa lojú wa ń tètè rí. Àwọn àpọ́sítélì kò bá àwọn tó ń kùn wí pé wọn ò nígbàgbọ́. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí wọ́n lórúkọ rere, tí wọ́n kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n, kí wọ́n fa iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Orúkọ Gíríìkì ni orúkọ àwọn méjèèje, látorí Sítéfánù dórí Níkólásì ará Áńtíókù, ó sì jọ pé àárín àwọn tí wọ́n ń fò dá gan-an ni wọ́n ti mú wọn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbọ́wọ́ lé wọn lórí, nítorí oúnjẹ pípín!

Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ló máa ń yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn ètò yìí ni ìwé náà ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbilẹ̀, tí iye àwọn ọmọ ẹ̀yìn pọ̀ gidigidi ní Jerúsálẹ́mù, tí ọ̀pọ̀ àlùfáà pàápàá sì gba ìgbàgbọ́. A ti gbọ́ ìwàásù lórí bí wọ́n ṣe sọ Sítéfánù lókùúta títí. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ pè é ni kó rí i pé ohun tó tọ́ sí opó dé ọwọ́ opó.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dé Ìbàdàn wàyí. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ tí mo ti bá ṣiṣẹ́, inú orí ẹnì kan ṣoṣo ni ètò wẹ́fíà wà. Ìyá àgbà kan ló mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹni tí wọ́n ti fún ní nǹkan rí. Lọ́jọ́ tí ìyá bá lọ sọ́dọ̀ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ètò náà bá a wọ bàálù. Bó tilẹ̀ wà nílé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ á gba ìrànwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó ń tijú á máa wò.

Ìwé kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹlẹ́yìn líle, kó má jẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹlòmíì lè kà á bí ẹ ò bá sí ńlé. Ẹ pín ojú ewé sí márùn-ún: orúkọ ẹni náà, ọjọ́ tí a gbọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí a ṣe àti ẹni tó lọ, ọjọ́ tí a ó tún padà lọ. Ti ìkarùn-ún yìí ni ẹ ò ní bá nínú ìwé ọ̀pọ̀ ìjọ. A máa ń dé ilé opó lọ́jọ́ kẹjọ pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ àti kúlà, a ó kọrin, a ó gbàdúrà. Nígbà tí owó ilé bá pé lóṣù kẹrin, òun nìkan ni lánlọ́ọ̀dù máa bá ńlé. Bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ ọjọ́ tí oògùn rẹ̀ máa tán síbẹ̀, kí ẹnì kan pè é lórí fóònù bó bá ku ọjọ́ mélòó kan. Ìpè náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n tí kò bá sí lákọsílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin mọ̀ jù mí lọ níbi iṣẹ́ yín, kí ẹ má gbàgbé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé ilé Ọlọ́run ni: ẹni tó di ìwé mú kò gbọ́dọ̀ di owó mú. Kí ẹnì kan máa gba owó, kí ẹlòmíì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde, kí ẹ̀yin máa kọ ọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń ṣètò owó ìrànwọ́ tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8, ó ní àwọn ìjọ ti yan arákùnrin kan tí yóò bá àwọn rìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan wí sí àwọn lórí owó náà. Ohun tó tọ́ lójú Olúwa àti lójú èèyàn pẹ̀lú ni àwọn ń wá. Àpọ́sítélì ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹni tí a ràn lọ́wọ́ dé orí WhatsApp ìjọ láé. Èèyàn lè gba ìrẹsì kó sì yó, kí ìtìjú sì lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ẹ ó ṣe gbé e kalẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Ẹ má lọ bá pásítọ̀ yín pé, “Mo fẹ́ sin Ọlọ́run, kí ni kí n ṣe?” Wọ́n á ní kí ẹ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọ́ṣà. Ìyá tó ń ṣe wẹ́fíà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín kọ nǹkan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.” Tí ó bá lọ jẹ́ láti òkè ló ti gbọ́ ọ, á rò pé wọ́n rán yín wá ṣe ọ́dítì òun. Bí òun bá ti gbà, ẹ jọ lọ sọ fún pásítọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀. Ibì kan wà tí ìwé àkọsílẹ̀ máa ń ba àwọn kan lẹ́rù. Ẹ má bá wọn jà. Bí wọ́n bá sì gbà, ẹ múra sílẹ̀, nítorí ìjọ kì í tètè fi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́rùn sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé owó ìkórè dé, tí wọ́n á gbé owó ilé kíkọ́ dé. Ẹ rọra sọ pé ẹyọ kan yìí tó.

Ẹ ní ẹnu yín máa ń gbọ̀n láàrín èrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rárá. Wọ́n bí Andrew Foster ní Alabama, ní Amẹ́ríkà, ní 1925. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn yírunyírun gba etí lọ́wọ́ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, adití ni, níbi tí ẹyọ kan nínú méjèèjì ti tó láti ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Ní 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ó dé Gánà gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nnárì ní 1957, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Accra; ní 1960 ó dá òmíì sílẹ̀ ní Ìbàdàn yín níbẹ̀. Kó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní 1987, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà ti lé ní 30. Láti 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì tó gbọ́ràn ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé, wọ́n tú Bíbélì, ọ̀pọ̀ ọmọ adití ṣì jókòó sílé. Foster mọ bí inú ọmọ náà ṣe rí, èdè àfọwọ́sọ tó sì kó wá láti Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò èyí tí wọ́n ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití wa títí dòní. Ẹ lè ní òun kì í ṣe Kristẹni lásán. Lóòótọ́, ìfaradà rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tó lò kì í ṣe ohun tó já bọ́ látọ̀run lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí ìgbésí ayé rẹ̀ ti kọ́ ọ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá àjọ. Bí ẹ bá bi mí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo rò pé ẹ̀bùn yín ti máa wúlò jù, ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ pàápàá. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní ₦40,000 ní Bódìjà. Ó san ₦3,000 fún ọkọ̀, ó san ₦500 fún owó ọjà, ó wá tà á ní ₦48,000. Lójú tirẹ̀, ₦8,000 lòun jẹ. Ó mú ₦6,000 níbẹ̀ fi gbọ́únjẹ fáwọn ọmọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ₦4,500 péré ni èrè náà. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ ₦42,000, ọjà àná yẹn náà sì ń béèrè ₦43,500 lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ká má tíì sọ ti tòmátì tó bá jẹrà. Kò náwó ìnákúnàá, oúnjẹ ọmọ ló rà. Báyìí ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ àwọn sọ́gùńdogójì, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin lè rí i nínú ìwé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ jọ máa ṣírò rẹ̀ lálaalẹ́. Bí kò bá mọ̀wé, ẹ fún un ní àpò mẹ́ta: ti ọjà, ti ọkọ̀ àti owó ọjà, ti ilé, kó má mú nǹkan kan nínú ti ilé àyàfi bí méjì àkọ́kọ́ bá ti kún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ ayé nìyẹn, ẹ fi Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9 hàn án. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jópà, ẹ̀wù àti aṣọ tó rán fún àwọn opó ni wọ́n ń nà sójú Pétérù, tí wọ́n ń sunkún.

Ní ti akọrin, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ fara dà á, pé Ọlọ́run ń wo ọkàn. Ó ń wò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí tí ẹ ń lò nídìí ìdánrawò ni ẹ nílò fún ìwé àwọn ìyá. Ẹ má kàn ṣàdédé pòórá. Ẹ rí olórí akọrin lójúkojú, kó má jẹ́ lórí fóònù, kí ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ gbé fún un. Bí wọ́n bá ti kà yín mọ́ orin ìkórè, ẹ dúró parí rẹ̀, kí ẹ tó fọ aṣọ akọrin, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ dá a padà.