Ẹ̀yìn Kọ́tínì Ni Òtútù Ti Ń Mú Un

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù Karùn-ún ni mo ra hibiscus pupa kan nínú ìkòkò. Ó tanná títí ìgbà oòrùn fi parí. Àmọ́ látìgbà tí òtútù ti dé, ewé rẹ̀ ń pọ́n, ó ń já. Bó bá rudi, ìrudi náà á bọ́ kó tó là. Ojú wíńdò ni mo gbé e sí kó lè rí ìmọ́lẹ̀, àràárọ̀ sì làwọn ìbejì mi ń bomi rin ín. Ìyá ọkọ mi rí i lórí fóònù, wọ́n ní tàwọn tó wà létí ọgbà n'Íbàdàn, ẹnikẹ́ni ò bomi rin ín rí, kò sì yéé tanná. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? Ṣé mo sì lè fi òdòdó rẹ̀ se sóbò? (Ìyá Ìbejì, Peckham, London)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Òótọ́ ni ìyá ọkọ yín sọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìbàdàn ni tiwọn wà. Oòrùn ń pa á látàárọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti wá omi lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tiyín há sínú ìkòkò, nílùú tí ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lóṣù Kejìlá.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: tẹ́ ẹ bá fa kọ́tínì lálẹ́, ẹ̀gbẹ́ ibo ni ìkòkò náà ń wà? Ohun tó pa hibiscus mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Híítà wà lábẹ́ wíńdò, mo rò pé ara òdòdó ń yá gágá. Lóru ọjọ́ kan mo dìde mumi, mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn kọ́tínì, àfi bí ẹni ki ọwọ́ bọ fíríìjì! Ooru híítà ń bẹ lọ́dọ̀ wa nínú pálọ̀, òdòdó ń gbọ̀n lára gíláàsì. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀ inú ìkòkò, ó tutù nini, omi sì kún un. Gbòǹgbò tó wà nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè fa omi mọ́, ó ti ń rà. Ewé á wá rọ, onílé á ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bu omi sí i. Bí mo ṣe pa á nìyẹn, tìfẹ́tìfẹ́.

Nítorí náà, tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ yín nínú pálọ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, kó padà síbi wíńdò tó kọjú sí gúúsù, kó ṣáà má fara ti híítà. Kí ibi tó wà má lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n Celsius 10, àgàgà lóru.

Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìbejì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn ni. Kí wọ́n máa ki ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bílẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìka, kò sómi lónìí. Nílé mi, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá nígbà míì nínú oṣù Kìíní. Tẹ́ ẹ bá máa bomi rin ín, kó jẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó ṣàn jáde nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì da èyí tó kù nínú àwo ìdí rẹ̀ nù. Ti ìrudi tó ń bọ́, ìmọ́lẹ̀ ni ò tó. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ẹ yí ẹ̀yìn ewé wò pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ilé olóhíítà máa ń fa kòkòrò tín-ín-tín kan tó ń ta òwú bí aláǹtakùn. Ẹ fi ọ̀rá di ẹnu ìkòkò, ẹ wẹ ewé náà nínú báàfù, ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lóṣù Kẹta, ẹ mú sísọ́ọ̀sì, ẹ gé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan kúrò. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ gé e! Orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń tanná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń tà fún tòmátì. Tí ẹ̀ka tuntun bá ń gùn ju tàtijọ́ lọ, ẹ má fòyà. Àwọn tó ń gbìn ín fún títà máa ń lo oògùn tí ń jẹ́ kó rí kúkúrú, agbára oògùn náà ló ti tán.

Ní ti sóbò, rárá o. Ìṣápá ni wọ́n fi ń se é, ọmọ ìyá hibiscus yín ni, bí ilá náà ṣe jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn. (Ẹ wo òdòdó ilá dáadáa lọ́jọ́ kan, ẹ óò rí ìjọra.) Ìṣápá ọ̀hún gan-an, èèpo pupa tó nípọn tó ń kù lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀ là ń sè. Bí ẹ ò bá rí i lọ́dọ̀ àwọn ará wa tó ń tajà ní òpópó Rye Lane ní Peckham yín níbẹ̀, ẹ béèrè sorrel lọ́wọ́ àwọn ará Jamaica. Òun náà ni, ìgbà Kérésì ni wọ́n sì ń mu ún jù.