Má da àgbàdo sílẹ̀ de àgbọ̀nrín ní Michigan

Àbúrò, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Michigan, ọ̀rẹ́ rẹ sì ní kó o da àpò àgbàdo kan síwájú ibi tó o máa lúgọ sí, àgbọ̀nrín á wá fúnra rẹ̀. Kò parọ́, á wá. Èmi náà ṣe é, mo sì san owó ìtanràn.

Lọ́dún 2018, nítòsí Cadillac tí mo ti ń dọdẹ, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ wò bí ìjẹ rẹ, ìyẹn oúnjẹ tó o fi ń tan ẹran, ò bá ti ju gálọ́ọ̀nù méjì lọ. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n fòfin dè é ní gbogbo Lower Peninsula, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ Michigan. Mo gbọ́ fìrí, àmọ́ ilé epo tí mo ti ń ra kárọ́ọ̀tì tí mo fi ń ṣe ìjẹ ṣì ń tà á ní àpò-àpò. Mo ní bí wọ́n bá ṣì ń tà á, kí ló burú? Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, tí ọdẹ oníbọn máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ìgbẹ́ bá mi lórí igi. Kò pariwo o. Ó ya fọ́tò kárọ́ọ̀tì ná, kó tó béèrè láísẹ́ǹsì mi.

Ọmọ ọdẹ Òkè-Ògùn ni mí. Abẹ́ igi tó ń so ni bàbá mi ti máa ń dúró de ẹran, torí náà mo rò pé àánú ẹran ló ń ṣe àwọn òyìnbó yìí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Itọ́ ẹnu ẹran tó ń kó àrùn ràn ni wọ́n ń sá fún. Àgbọ̀nrín tó ń jẹ kiri, ewé níhìn-ín, èso lọ́hùn-ún, kì í fẹnu kan ti ẹlòmíì púpọ̀. Da oúnjẹ jọ sójú kan, gbogbo wọn á kó imú bọ̀ ọ́, lónìí, lọ́la. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wà lára àgbọ̀nrín apá Alpena tipẹ́. Lọ́dún 2015 wọ́n tún rí àrùn kan tí wọ́n ń pè ní CWD lára èyí tó ń rìn nínú igbó ní agbègbè Ingham. Ọpọlọ ni àrùn yẹn ń jẹ, kò gbóògùn, elk, ìbátan àgbọ̀nrín, náà ń kó o. Ẹran lè gbé e fún ohun tó ju ọdún kan lọ kó ṣì sanra, ó sì máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀.

Àwọn ọdẹ kan ń bínú pé àgbọ̀nrín ń jẹ àgbàdo lóko àgbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mú àwọn àgbẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn aṣòfin tiẹ̀ dìbò lọ́dún 2019 láti gbé òfin náà kúrò, Gómìnà Whitmer ló kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, oko kì í ṣe òkìtì oúnjẹ tí wọ́n dà jọ sójú kan.

Ní Upper Peninsula, apá òkè Michigan, wọ́n ṣì ń gba gálọ́ọ̀nù méjì láyè, kó o fọ́n ọn káàkiri, àmọ́ ka ìwé òfin ọdún tó o bá fẹ́ dọdẹ kó o tó débẹ̀. Bó o bá bá ìjẹ ẹlòmíì nílẹ̀, kúrò níbẹ̀. Igi óákù tí èso rẹ̀ ń jábọ́ ni mò ń wá báyìí, bíi ti bàbá mi. Kó o sì gbé orí ẹran tó o bá pa lọ fún àyẹ̀wò. Ẹran tèmi kì í kúrò nínú fíríísà títí èsì á fi dé, bó ti wù kí ìyàwó mi máa kanra nítorí ata tó ti lọ̀ sílẹ̀.