Ta Ló Gun Òkè Lọ Ka Yìnyín Inú Ìkùukùu?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé hóró yìnyín ni ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń dà bí òwú tí a gbọ̀n sójú sánmà. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè pé ta ló gun ibẹ̀ lọ kà wọ́n. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ òfuurufú aláìláwakọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Báwo ni irinṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣé iye tó bá kà sì ṣeé gbára lé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa, ẹ bá wa kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Láàárín ọdún 2011 sí 2014, àjọ NASA ti Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ aláìláwakọ̀ Global Hawk láti California, lẹ́yìn náà láti erékùṣù Guam, lọ sí ìpele afẹ́fẹ́ tó ga tó kìlómítà 14 sí 18 lókè ilẹ̀ olóoru, níbi tí òtútù ti lè kọjá dígíríì 80 sísàlẹ̀ òdo. Ọkọ̀ èrò tó ń kọjá lókè Ìbàdàn kì í sábà ga ju kìlómítà 12 lọ. Global Hawk lè wà lókè fún bíi wákàtí 24, nítorí àwọn tó ń darí rẹ̀ wà nílẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Kò sí igbá tí wọ́n fi ń bu yìnyín. Lábẹ́ apá ọkọ̀ ni irinṣẹ́ náà wà, ó na apá kéékèèké méjì síwájú, iná lésà sì ń kọjá láàárín wọn. Bí hóró kan bá gba inú iná yìí kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yà mẹ́ta tí irinṣẹ́ náà ní á wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe fọ́n ká, á fi mọ ìwọ̀n hóró láti máíkírónì 1 sí 50 (máíkírónì 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan). Òmíràn á gba òjìji hóró sórí ìlà tó ní ojú kéékèèké 128. Ẹ̀kẹta á ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n á wá fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó gba ojú iná kọjá pín iye hóró.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an ni apá kéékèèké méjì yẹn. Ọkọ̀ náà ń sáré ju mítà 150 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà hóró ńlá tó bá kọlù wọ́n á fọ́ yángá, bí ẹni ju horo iyọ̀ mọ́ etí odó, èérún rẹ̀ á sì gba inú iná kọjá bí ẹni pé hóró kéékèèké ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Hóró kan á di ọ̀pọ̀. Àṣìṣe yìí kò kéré rárá, nítorí hóró ńlá máa ń tètè já wálẹ̀, ó sì ń gbé omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ tó ń gòkè, nígbà tí hóró kéékèèké máa ń pẹ́ lókè. Ẹni tó bá ka èérún mọ́ wọn á ṣi ìṣirò ṣe lórí bí ìkùukùu náà ṣe ń dá ooru ayé dúró àti bí ó ṣe ń dá ìtànṣán oòrùn padà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà tún un ṣe. Wọ́n gbẹ́ orí apá kéékèèké náà kí èérún lè ta síta. Wọ́n sì ń wo àkókò tó wà láàárín hóró kan àti èkejì, torí pé èérún máa ń wọ́ tẹ̀ léra wọn tímọ́tímọ́. Èyí tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Iye tí wọ́n bá sẹ́ báyìí ni a lè gbára lé. Iye ti àtijọ́ tí wọn kò sẹ́ ń fẹ́ ìṣọ́ra, pàápàá níbi tí hóró ńlá bá pọ̀ sí.

Ní ti ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ lè sọ fún un pé èèyàn náà ti gòkè lọ rí ní agbègbè wa: ní ọdún 2006, ọkọ̀ Geophysica, tí awakọ̀ kan ṣoṣo máa ń jókòó sínú rẹ̀, gbéra ní Ouagadougou lọ wọn àwọn ìkùukùu òkè lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.