Ìbéèrè Yín: Ráútà ti dí i, fóònù ọmọ ṣì ń ṣí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi 1.1.1.3 (nọ́ńbà Cloudflare tó ń dí ojúlé ìhòòhò) sí àyè DNS, ètò tó ń bá ẹ̀rọ wá àdírẹ́sì ojúlé, nínú ráútà wa kí àwòrán ìhòòhò má baà wọlé. Kọ̀ǹpútà ò ṣí i mọ́, ṣùgbọ́n fóònù Android ọmọ mi ọlọ́dún 12 ṣì ń ṣí i. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ibi tó dára lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa dátà fóònù náà, kí ẹ tún un dán wò. Bí kò bá ṣí mọ́, dátà ló ń gbà kọjá. Ráútà kò sì lágbára kankan lórí dátà. Inú fóònù gan-an ni kí ẹ ti dí i: ẹ wọ Settings, ẹ wá Private DNS, kí ẹ tẹ family.cloudflare-dns.com. Ẹ fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́ o: bí lẹ́tà kan bá yẹ̀, ojúlé kankan lè má ṣí mọ́.

Bó bá ṣì ń ṣí lórí Wi-Fi, ẹ wo àyè DNS kejì nínú ráútà. 1.0.0.3 ló yẹ níbẹ̀. Bí nọ́ńbà mìíràn bá wà níbẹ̀, fóònù lè gba ibẹ̀ yọ. Ẹ tún wò ó bóyá VPN wà lórí fóònù náà, ìyẹn áàpù tó ń mú fóònù gba ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí DNS ráútà. Bó bá wà, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi Family Link (áàpù Google tí òbí fi ń ṣàkóso fóònù ọmọ) sí i kí ọmọ má baà gbé òmíràn wọlé láìgbàṣẹ.

Ṣùgbọ́n orúkọ ojúlé nìkan ni DNS ń rí. Àwòrán tí ọ̀rẹ́ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp yóò kọjá. Ìyẹn, ẹnu yín ló kù: ẹ bi í ní pẹ̀lẹ́ ohun tó ti rí.